Wáàtì 575 Nínú Káàdì Pẹlẹbẹ

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé káàdì géèmù RTX 5090 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025, kì í ṣe eré sísá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ya àwọn tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Wọ́n ti mọ̀ pé yóò sáré. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. RTX 4090 tó ṣáájú rẹ̀, èyí tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nípọn tó mìlímítà 61. Àyè káàdì mẹ́ta ló ń gbà nínú kọ̀ǹpútà, ó wúwo ju kílò méjì lọ, wáàtì 450 ló sì ń jẹ. Ti tuntun ń jẹ wáàtì 575, síbẹ̀ mìlímítà 40 ni nínípọn rẹ̀, àyè káàdì méjì péré ló sì gbà. Iná lọ sókè, ara fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í sábà lọ báyẹn, torí pé gbogbo iná tí káàdì bá jẹ ló ń di ooru, ooru náà sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde.

Ooru yẹn ni mo fẹ́ tọ̀ dé ìdí káàdì yìí. Àwọn tó ń polówó ọjà máa ń fi àwòrán dídán àti iye férémù, ìyẹn iye àwòrán tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pe èèyàn, kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ohun tí wọ́n fi owó ṣe wò, èyí tó pọ̀ jù nínú ara káàdì géèmù olówó gọbọi kì í ṣe ìṣirò rárá. Ohun èlò ìgbóoru-jáde ni.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: kí tilẹ̀ ni iṣẹ́ káàdì yìí? Ojú mónítọ̀ 4K ní ẹyọ àwọ̀ wínníwínní 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, àpapọ̀ wọn ju mílíọ̀nù 8 lọ. Bí àwòrán bá ń yí padà nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀, nígbà 120 náà. CPU tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà gbọ́n gan-an, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀: mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, tàbí kó lé díẹ̀. Káàdì gíráfíìsì ní tirẹ̀ dà bí ọ̀wẹ̀. Èrò rẹpẹtẹ ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kò mọ̀ ju ebè tó wà níwájú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń gbé ọkọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. RTX 5090 ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ 21,760, tí NVIDIA ń pè ní CUDA core. Láti ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń fi oríṣi méjì mìíràn kún wọn: RT core, tó ń tọ ipa ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ kiri inú àwòrán kí òjìji àti dígí lè rí bó ṣe ń rí lójú ayé, àti Tensor core, tó ń ṣe irú ìṣirò tí ọgbọ́n àtọwọ́dá ń lò. Orí Tensor core la ó tún padà sí.

Orí ṣíìpù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Ilé-iṣẹ́ TSMC ní Taiwan ló ṣe é, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí méjì ààbọ̀ lọ, tíránsítọ̀ tó sì wà nínú rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 92.2. Ní ọdún 1999 tí NVIDIA gbé GeForce 256 jáde, tó sì ń fọ́nnu pé òun ni GPU (ṣíìpù gíráfíìsì) àkọ́kọ́ láyé, tíránsítọ̀ inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 25. Ṣíìpù tó bá fẹ̀ tó báyìí kì í sábà jáde láìlábùkù. Eruku kan tí ojú kò lè rí ti tó láti ba igun kan jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pín ṣíìpù yìí sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 192, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé 170 ni wọ́n ṣí sílẹ̀ nínú káàdì tí wọ́n ń tà. Àwọn yòókù wà níbẹ̀, wọ́n kàn ti tì wọ́n pa ni. Bí apá kan bá bàjẹ́ nílé-iṣẹ́, wọ́n á rí òmíràn lò, ṣíìpù náà kò sì ní di ohun à ń dà nù. Ẹni tó ra káàdì gíga jù lọ lọ́jà kò tíì ra gbogbo ohun tó wà lára ṣíìpù rẹ̀.

NVIDIA máa ń fi orúkọ onímọ̀ sọ ìran káàdì rẹ̀. Ti RTX 4090 ni Ada Lovelace, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà ayé ọba Victoria tó kọ ìlànà ìṣirò fún ẹ̀rọ tí wọn kò tíì kọ́ tán. Ti RTX 5090 ni David Blackwell, ó sì wù mí kí àwa aláwọ̀ dúdú mọ ẹni tó jẹ́ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ìlú Centralia ní ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1919. Ìmọ̀ ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀, pàápàá ẹ̀ka tó ń wo bí èèyàn ṣe ń ṣèpinnu nígbà tí kò mọ ohun tí ẹnì kejì yóò ṣe. Ní ọdún 1965 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú ẹgbẹ́ National Academy of Sciences ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun náà sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ipò olùkọ́ àìyẹsẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní California. Ó kú ní ọdún 2010. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pariwo “Blackwell” lónìí pọ̀ lọ jàra; àwọn tó mọ̀ pé baba dúdú kan ló ni orúkọ náà kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ooru. Kí ló dé tí iná fi fò láti 450 sí 575? Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan náà tí TSMC fi tẹ ṣíìpù RTX 4090, èyí tí wọ́n ń pè ní 4N, náà ni wọ́n fi tẹ ti RTX 5090. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí RTX 3090 bọ́ sí 4090, wọ́n pààrọ̀ ọ̀nà ìtẹ̀: tíránsítọ̀ kéré sí i, oúnjẹ rẹ̀ náà sì kéré sí i. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí tíránsítọ̀ rẹ̀ kò kéré sí i, tó sì fẹ́ kí ẹ̀rọ òun yára ju ti àná lọ, àfi kó jẹ́ kí ṣíìpù fẹ̀, kó sì fún un ní iná. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn.

Apá kejì ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n di ọ̀pọ̀ ẹrù ru Tensor core. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní DLSS 4, káàdì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya férémù kan, kí ọgbọ́n àtọwọ́dá wá fojú inú ya mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e. Lórí ètò yìí ni Jensen Huang, ọ̀gá NVIDIA, dúró nígbà tó sọ lórí pèpéle ní Las Vegas pé RTX 5070 tí wọ́n dá dọ́là 549 lé yóò ṣe bíi RTX 4090. Mi ò gbà fún un. Férémù tí wọ́n fojú inú yà máa ń mú kí àwòrán lọ geere, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ọwọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lórí páàdì. Ẹni tó ń yìnbọn nínú géèmù máa mọ ìyàtọ̀ náà lára, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ rí i.

Mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò nílò àlàyé gígùn. Ẹyọ 16 ló yí ṣíìpù ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba gígábáìtì méjì, àpapọ̀ 32. Oríṣi tuntun tí wọ́n ń pè ní GDDR7 ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà 32 tí ìsọfúnni ń gbà lọ, tó ń gbà bọ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 512. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, gígábáìtì 1,792 lè kọjá láàárín mẹ́mọ́rì àti ṣíìpù. Ti 4090 jẹ́ 1,008. Nítorí mẹ́mọ́rì yìí ni àwọn tí kì í ṣe géèmù rárá fi ń du káàdì náà: àwọn tó ń ya eré àwòrán, àwọn tó ń gé fíìmù, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ lọ́gbọ́n. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de títa irú rẹ̀ sí ilẹ̀ Ṣáínà láti ìgbà 4090. Dọ́là 1,999 ni NVIDIA dá lé e, ṣùgbọ́n iye tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wà la dé yìí. Láti ìgbà RTX 3080 ní ọdún 2020 ni NVIDIA ti ń gé bọ́ọ̀dù inú káàdì tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe kúrú, kí apá kan lè ṣófo fún afẹ́fẹ́ láti gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní ayé àtijọ́, afẹ́fẹ́ tí fáànù bá fẹ́ máa ń forí sọ bọ́ọ̀dù ni, á wá máa wá ẹ̀gbẹ́ gbà jáde, ariwo rẹ̀ á sì gba ilé kan. Nínú RTX 4090, ìdajì kan ló ṣí sílẹ̀. Nínú RTX 5090, ọ̀tún àti òsì ló ṣófo. Wọ́n sún bọ́ọ̀dù sí àárín, wọ́n há gbogbo nǹkan mọ́ra lórí rẹ̀, ṣíìpù, mẹ́mọ́rì àti àwọn ohun tó ń pín iná, débi pé kò ju ìpín díẹ̀ lọ nínú gígùn káàdì náà. Fáànù méjèèjì wá ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ gba àárín irin wẹẹrẹwẹ jáde sókè, láìsí ohun kan tó dí i lọ́nà.

Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀dù bá wà láàárín, báwo ni yóò ṣe dé ihò PCIe tí káàdì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀? Báwo ni yóò ṣe dé ẹ̀yìn, níbi tí okùn mónítọ̀ ń wọ̀? Wọ́n pín bọ́ọ̀dù sí mẹ́ta. Ọ̀kan kékeré wà nísàlẹ̀ tó ń wọ inú ihò, ọ̀kan wà lẹ́yìn fún okùn mónítọ̀, okùn pẹlẹbẹ àti ìsopọ̀ sì so wọ́n mọ́ ti àárín. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni. PCIe 5.0 ń rán àmì nígbà bílíọ̀nù 32 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 16 sì ni. Bí àmì bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá ló ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀. Kí wọ́n tó fi ìsopọ̀ kún un nítorí afẹ́fẹ́ lásán, ọkàn ẹni tó ṣe é ti gbọ́dọ̀ balẹ̀ gan-an.

Lórí ṣíìpù fúnra rẹ̀, bàbà oníhò ni wọ́n gbé lé e, inú rẹ̀ ṣófo, omi díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí omi náà má bàa dúró de dígírì 100 kó tó hó. Ibi tí ṣíìpù bá ti gbóná, omi á di èéfín, èéfín á sáré lọ síbi tó tutù, á sọ ooru rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, á di omi padà, á sì wọ́ gba ara ògiri bàbà náà padà sídìí iná. Kò sí fáànù, kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á. Àárín ṣíìpù àti bàbà yìí ni wọ́n wá da irin olómi sí dípò òróró funfun tí a mọ̀. Irin olómi ń gbé ooru ju òróró yẹn lọ púpọ̀. Sony ti lò ó nínú PlayStation 5 láti 2020. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gbé iná mànàmáná pẹ̀lú, ó sì máa ń jẹ alúmíníọ̀mù. Bó bá kán sí ibi tí kò yẹ lórí bọ́ọ̀dù, káàdì ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní in, tí eruku ọyẹ́ sì wọ inú rẹ̀, kó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u ní Computer Village nítorí pé wọ́n fẹ́ yí òróró rẹ̀ padà.

Àwọn tó gbé e yẹ̀ wò ní ilẹ̀ òkèèrè rí i pé ṣíìpù rẹ̀ ń wà ní nǹkan bíi dígírì 77 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, mẹ́mọ́rì sì ń wà ní nǹkan bíi 90. Fún káàdì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí, ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé inú yàrá tó tutù ni wọ́n ti ń wọn nǹkan wọ̀nyẹn, dígírì 20 àti díẹ̀. Fáànù kì í mú nǹkan tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ. Bí yàrá bá gbóná sí i pẹ̀lú dígírì mẹ́wàá, bó ṣe ń rí l'Ékòó tàbí Ìbàdàn lọ́sàn-án oṣù kẹta, káàdì náà á gbóná sí i ní nǹkan bí iye yẹn, dígírì 90 sì ni NVIDIA kọ pé ṣíìpù kò gbọ́dọ̀ kọjá. Kí ó má bàa kọjá rẹ̀, ó máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Ẹni tó rà á tán tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lè máa san owó fún eré tí kò ní rí sá.

Wàhálà mìíràn tún wà: ooru tó ń fẹ́ jáde lókè káàdì yìí kò kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Inú kèésì náà ló ń dà á sí, níbi tí CPU ti ń mí. Káàdì ti bọ́ lọ́wọ́ ooru tirẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ló gbà á.

Títí dé ibi yìí, oríyìn ni mo ní fún àwọn tó ya káàdì náà. Púlọ́ọ̀gì iná rẹ̀ ni mi ò lè yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 tí a bá kì bọ iná ilé, tó jẹ́ fóòtì 230, kò ju áńpíà mẹ́rin sí márùn-ún lọ nínú wáyà. Káàdì wa kò tó áyọ́ọ̀nù yẹn ní jíjẹ, ṣùgbọ́n fóòtì 12 ló ń lò. Wáàtì 575 lórí fóòtì 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpíà 48. Áńpíà ló sì ń mú wáyà gbóná. Gbogbo rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tó lè gba inú ihò PCIe wọlé, ló ń gba inú púlọ́ọ̀gì kan kọjá tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ: ẹnu mẹ́fà ń gbé iná wọlé, mẹ́fà ń gbé e padà, mẹ́rin tín-ínrín wà lókè tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá púlọ́ọ̀gì wọlé. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, áńpíà mẹ́jọ ló kan ẹnu kọ̀ọ̀kan, ibi tí agbára ẹnu náà mọ kò sì jìnnà sí i. Púlọ́ọ̀gì àtijọ́ onípíìnì mẹ́jọ kì í gbà ju wáàtì 150 lọ, ó sì pín in sórí wáyà mẹ́ta. Áńpíà mẹ́rin àti díẹ̀ ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tóbi lóòótọ́, kò rẹwà, ṣùgbọ́n ó fàyè sílẹ̀ fún àṣìṣe ọmọ ènìyàn.

Oṣù tí RTX 4090 jáde gan-an ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò púlọ́ọ̀gì tó ti yọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, NVIDIA sọ pé nǹkan bí 50 ni ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ òun, pé àwọn tó ń lò ó ni kò tẹ púlọ́ọ̀gì wọlé dáadáa. Wọ́n tún un ṣe: wọ́n gé píìnì mẹ́rin tín-ínrín yẹn kúrú, kí káàdì má lè gba iná kíkún bí púlọ́ọ̀gì kò bá wọlé tán. Òun ni wọ́n fi sí 5090. Àmọ́ ní oṣù kejì ọdún 2025, Roman Hartung, ọmọ Jámánì tí àwọn olólùfẹ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ sí der8auer, fi ẹ̀rọ wọn iná tó ń gba wáyà kọ̀ọ̀kan kọjá lórí 5090 tirẹ̀, ó sì rí wáyà tó ń gbé ju áńpíà 20 lọ nígbà tí àwọn yòókù kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu púlọ́ọ̀gì lápá pawa sọ́pùlàì ti gbóná tó nǹkan bíi dígírì 150.

Ìdí tó fi ṣeé ṣe wà lórí bọ́ọ̀dù. Nínú RTX 3090 Ti tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n pín ẹnu mẹ́fà yẹn sí ọ̀nà mẹ́ta, káàdì sì ń ṣọ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Láti 4090, wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan ní kété tó bá ti wọ káàdì. Bí ẹnu kan kò bá kanra dáadáa, iná tó yẹ kó gbà á máa bọ́ sórí àwọn tó ń kanra, káàdì kò sì ní mọ̀, nítorí àpapọ̀ nìkan ló ń rí. Ẹni tó lè pín bọ́ọ̀dù sí mẹ́ta nítorí atẹ́gùn kò lè sọ fún mi pé òun kò rí àyè fi ṣọ́ wáyà mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ ASUS, tí òun náà ń ṣe 5090 tirẹ̀, rí i: ROG Astral rẹ̀ lè fi iye áńpíà tó ń gba ẹnu kọ̀ọ̀kan hàn lójú kọ̀ǹpútà, kó sì kìlọ̀ bí ọ̀kan bá ń jẹ jù. Ẹ má sì jẹ́ kí n sọ nípa ìrísí Astral ọ̀hún, fáànù mẹ́rin, gígùn rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Bí mo bá ní owó tí mo lè ná, òun ni màá rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti NVIDIA ló wù mí ní wíwò.

Ní ti iná ilé tiwa, NVIDIA ní kí pawa sọ́pùlàì tí yóò gbé káàdì yìí tó wáàtì 1,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ, káàdì nìkan ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì kí a tó tan mónítọ̀. Lórí iná ìpele Band A, tí wọ́n gbé owó rẹ̀ lọ sí náírà 225 fún yúnítì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 800 fún wákàtí mẹ́rin ń jẹ yúnítì mẹ́ta àti díẹ̀. Owó yẹn kò ní pa ẹni tó ti fi mílíọ̀nù ra káàdì. Ìnfátà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ké.

Ẹni tó bá ń fi káàdì jẹun, tó ń ya àwòrán tàbí tó ń gé fíìmù fún àwọn èèyàn lọ́sàn-án, kó tó fi ṣe géèmù lálẹ́, mo lè bá a ṣírò owó rẹ̀, nítorí gígábáìtì 32 yẹn yóò dá díẹ̀ padà fún un lóṣooṣù. Fún ẹni tó jẹ́ géèmù nìkan ló fẹ́, RTX 5080 wà nílẹ̀: CUDA core 10,752, gígábáìtì 16, wáàtì 360, dọ́là 999 tí NVIDIA dá lé e nígbà tó jáde. Púlọ́ọ̀gì kan náà ló ń lò, ṣùgbọ́n áńpíà 30 ló ń gbà á kọjá.